Fífi Tọmọ Jẹ́ Iṣẹ́: Ìmúrasílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fún Ìdánrawò Ìkọ́ni

Ìfáàrà

Lọ́dọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama láti lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, èyí tí tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí TP. Ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò lè gba ìwé-ẹ̀rí NCE, bí ó ti wù kí ó dáńgájíá tó nínú lítíréṣọ̀ àti gírámà èdè Yorùbá. Síbẹ̀, ẹ̀sùn kan náà ni àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gbà wọ́n sábà máa ń fi kàn wọ́n: wọ́n mọ ìwé, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe nìkan ni wọ́n ń ṣe. Bí ṣọ́ọ̀kì bá tán, wọn a jókòó. Bí ìwé kíkà kò bá sí lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọn a ní kò sí ìwé. Bí alábòójútó láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kò bá tíì dé, iṣẹ́ a dúró dè é.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ni ó fa èyí, bí àwọn kan ti ń rò. Ọgbọ́n kan ni ó ṣaláìsí, ẹnikẹ́ni kò sì fi kọ́ wọn kí wọ́n tó lọ. Ọgbọ́n náà ni a pè ní ìdáwọ́lé. A ó wo ohun tí ó jẹ́ nínú èrò Yorùbá, a ó yẹ ọ̀nà tí ọmọṣẹ́ fi ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀ka Yorùbá lè ṣe ní sáà tí ó ṣáájú TP.

Kí ni Ìdáwọ́lé?

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ìdáṣẹ́sílẹ̀. Ní ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ kún ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní dandan. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ bí a ti ń po ọṣẹ, bí a ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀, bí a ti ń ṣe àdìrẹ, àti bí a ti ń yan búrẹ́dì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ di pé a fi orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rọ́pò ẹ̀mí tí ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ ró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó po ọṣẹ nítorí máàkì, tí kò ṣírò iye tí ó ná an, tí kò mọ ẹni tí yóò rà á, tí kò sì béèrè ìdí tí ọṣẹ ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò fi hó, kò tíì kọ́ ìdáwọ́lé. Ọṣẹ lásán ni ó pò.

Àwọn àgbà wa ní òwe kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Wọ́n ní: “Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Ìtumọ̀ tí a sábà máa ń fún un ni pé kí ènìyàn lo làákàyè nígbà tí ó bá ń jíṣẹ́. Ó yẹ kí a wò ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrú a gbé iṣẹ́ náà dé ibi tí a ní kí ó gbé e dé, ó tán. Ọmọ ní tirẹ̀ mọ̀ pé ilé bàbá òun ni iṣẹ́ náà ti jáde. Bí ẹni tí a rán an sí kò bá sí nílé, a béèrè ibi tí ó lọ. Bí ọ̀rọ̀ tí a ní kí ó sọ bá gbóná jù, a rọ̀ ọ́ lójú kí ó tó sọ ọ́. Bí ó bá padà dé, a ròyìn ohun tí ó rí lọ́nà tí a kò rán an láti wò. Iṣẹ́ kan náà ni a rán àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ẹni tí olúkúlùkù gbà pé ó ni iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní ìdáwọ́lé níbí ni agbára láti rí ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe láìjẹ́ pé a tọ́ka sí i, láti fi ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ṣe é, láti ṣe é parí, àti láti lè jíhìn rẹ̀. Owó lè ti inú rẹ̀ jáde, ó sì lè má jáde.

Ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ọ̀dọ́ sí ẹnu iṣẹ́. Títí di òní, òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, káfíńtà, mẹkáníìkì tàbí onídìrí, tí wọn yóò jọ fẹnu kò lórí iye ọdún tí yóò lò àti owó tí wọn yóò san. Lóde òní, wọ́n a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, ẹlẹ́rìí a sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní fìrídọ́ọ̀mù, ọ̀gá a gbé ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, a sì wúre fún un lójú ẹbí àti ẹgbẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni ó kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a mú aránṣọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọmọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Yóò gbálẹ̀, yóò nu ẹ̀rọ, yóò lọ aṣọ, yóò ṣa èépá aṣọ jọ, wọn yóò sì máa rán an lọ sọ́jà láti ra òwú. Ojú ẹni tí kò mọ̀ ni èyí ti jọ ìyà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí a fún ní èépá aṣọ kékeré kan, tí a ní kí ó lọ ra òwú tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu. Ó dé ọjà, kò rí àwọ̀ náà gan-an. Èyí tí ó ń fi tẹrú jẹ́ iṣẹ́ a padà wálé lọ́wọ́ òfo, a ní òun kò rí i. Èyí tí ó ń fi tọmọ jẹ́ ẹ a mú méjì tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, ọ̀kan tí ó pọ́n díẹ̀ jù àti ọ̀kan tí ó dúdú díẹ̀ jù, a sì bá ìyá olówùú ṣe àdéhùn pé òun yóò dá èyí tí ọ̀gá kò bá fẹ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ yìí ti mọ àwọ̀, ó ti mọ ọjà, ó ti mọ bí a ti í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kí ó lè fọkàn tán ni, kò sì tíì gún abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo mọ́ aṣọ. Ọ̀gá tí ó bá gbọ́n kì í pẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá kì í sábà dúró ṣàlàyé. Ojú ni ọmọṣẹ́ fi ń gba iṣẹ́. Ìgbà tí ó bá ti wòye tó ni wọn yóò fún un ní bọ́tìnnì láti rán, lẹ́yìn náà ìṣẹ́tí, lẹ́yìn náà aṣọ ọmọdé, títí wọn yóò fi fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá bá lọ sóde ọjọ́ mélòó kan. Ẹrù tí ó ń gbé ń pọ̀ sí i bí ojú rẹ̀ ti ń là sí i.

A kò sọ pé ìlànà yìí kò ní àbùkù. Àwọn ọ̀gá wà tí ń fi ọmọṣẹ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọn a máa rán an lọ pọnmi títí ọdún yóò fi yí po. Àwọn mìíràn ń fi ìdí iṣẹ́ pamọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀nà tiwa ni a fẹ́ kí ẹ rí. Lọ́dọ̀ tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún méjì, ó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ (àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ń ṣe bí ọmọdé, tí ebi kò pa, tí òjò kò rọ̀ sí lára, tí ẹnì kan kò sì bá ìkejì jà nítorí pẹ́ńsùlù), ó sì di iwájú kíláàsì tí ọmọ àádọ́ta wà. Kò sí ìgbà kankan tí a rán an lọ ra òwú.

Ipò Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Orílẹ̀-èdè yìí ní ètò kan tí a fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ẹnu iṣẹ́. Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ni ó gbé ètò SIWES kalẹ̀ ní 1973, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí IT. Oṣù mẹ́rin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ̀rọ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò sí nínú rẹ̀. A kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ gùn lórí bóyá ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí pé nínú àwọn tí ń lọ pàápàá ni a ti ń rí ẹni tí ó jókòó sílé, tí ó kàn wá ẹni tí yóò lu òǹtẹ̀ sí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé TP nìkan ni àǹfààní tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní láti rí ẹnu iṣẹ́ kí ó tó jáde. Bí ó bá fi í ṣòfò, kò sí òmíràn.

Kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ kò sí fún un. Ní ọdún 2018, òfin kan jáde ní ìpínlẹ̀ Èkó tí ó sọ èdè Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí kò kọbi ara sí Yorùbá tẹ́lẹ̀ ni òfin náà ní kí ó wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà nílé. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò gba olùkọ́ tí ń dúró de ìwé. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò ronú kan ohun tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Bí a bá wo àwọn tí ó gbé èdè wa dé ibi tí ó dé lónìí, ẹ̀mí yìí ni a ó bá lára wọn. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje kan ní 1936. Ní 1938 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Olùkọ́ ni J. F. Ọdúnjọ tí ó kọ àwọn ìwé Aláwìíyé tí àìmọye ọmọ fi mọ ìwé kà. Aláò Adédayọ̀ kọ́kọ́ gbé ìwé ìròyìn Aláròyé jáde ní 1985, kò dúró. Ó tún un gbé, kò sì jẹ́ kí ó sú òun, títí ó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1996. Àpẹẹrẹ ti ìkẹyìn yìí ni a fẹ́ràn jù láti máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ọdún mọ́kànlá tí ó wà láàárín.

Ohun tí Ó Yẹ kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́ kí Ó Tó Lọ

(i) Ojú. Má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí TP bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí o kọ́kọ́ rí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní kété tí wọ́n bá ti lẹ orúkọ mọ́ ògiri, lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wo iye owó ọkọ̀, wo iye ìṣẹ́jú tí ó gbà ọ́ láti dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, kì í ṣe ní ọ̀sán. Wo bóyá pátákó ìkọ̀wé ṣì dúdú tàbí ó ti funfun, bóyá àwọn ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn lè rí i. Béèrè ìwé Yorùbá tí wọ́n ń lò, kí o sì ka iye tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Béèrè èdè tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré ní àsìkò ìsinmi. Èyí nìkan yóò sọ fún ọ bóyá ìwọ yóò kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí tàbí bí èdè kejì. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ìwé kan tó.

(ii) Ẹnu. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, nítorí pé àwùjọ tiwa kì í fẹ́ràn ọmọdé tí ń ti ara rẹ̀ síwájú. Ìdáwọ́lé wà, àyọjúràn sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dé lọ́jọ́ kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún tábìlì àkókò ilé-ẹ̀kọ́ ṣe, tàbí tí ó ń sọ fún olùkọ́ tí ó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ pé ọ̀nà rẹ̀ kò bóde mu mọ́, àyọjúràn ni ó ṣe. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ wíwẹ̀ náà ni ìyọ̀ǹda gbígbà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe lè tọ olùkọ́ tí ó gbà á sí kíláàsì lọ:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ àná. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Kíláàsì Kẹrin kò tíì lè dá àmì ohùn mọ̀. Bí ẹ bá fún mi láyè, mo fẹ́ ya àtẹ kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ti rí bébà tí n ó lò. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lẹ̀ ẹ́.”

“Ṣé kò ní dí ẹ lọ́wọ́ ètò-ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kọ?”

“Rárá mà. Mo ti kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí tán, òun nìyí.”

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìjíròrò kékeré yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò béèrè pé “Kí ni kí n ṣe?” Ó ti rí nǹkan, ó ti ronú sí i, ó ti wá ohun tí yóò fi ṣe é, ó sì fi àṣẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kò sọ pé olùkọ́ ni kò kọ́ àwọn ọmọ dáadáa. Ó tún ti parí iṣẹ́ tí ó jẹ́ dandan kí ó tó béèrè fún èyí tí kì í ṣe dandan. Irú ọ̀rọ̀ sísọ báyìí kò wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi dánra wò níwájú ẹlẹgbẹ́ tí yóò ṣe olùkọ́ líle fún un.

Ẹnu kan náà ni a fi ń kọ̀. Bí àgbà kan níbi iṣẹ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ohun tí kò tọ́, ìbáà ṣe kí ó yí máàkì ọmọ padà, ìbáà sì ṣe ìpè sí ibi ìkọ̀kọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì fi tó alábòójútó rẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní láti gbọ́ èyí ní gbangba kí wọ́n tó kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

(iii) Ọwọ́. Ohun èlò ìkọ́ni ni ibi tí ìdáwọ́lé ti ń hàn kedere jù. Ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí, àwọn kan wà tí ń ya àtẹ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń gbowó rẹ̀. Àtẹ náà a dára lójú, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá béèrè ìbéèrè lórí rẹ̀, ẹni tí ó rà á kò mọ ohun tí yóò sọ. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tí ó kọjá funfun, ó sì fẹ̀. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì lágbára ju káàdìbọ́ọ̀dù lọ bí a bá gbọn ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a mú òǹkà Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún. Ìṣòro àwọn ọmọ ni pé wọ́n ń há òǹkà sórí láìmọ̀ pé ìyọkúrò wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lè tọ ìyá tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bá òun tọ́jú ìdérí ìgò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kí ó rí ọgọ́ta. Kí ó fọ̀ wọ́n, kí ó sì lu etí èyí tí ó bá mú mọ́lẹ̀, kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Nínú kíláàsì, ọmọ yóò ka ogún, yóò mú mẹ́rin kúrò, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí mẹ́rìndínlógún. Yóò mú márùn-ún kúrò lára ogún, yóò rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn márùn-ún-dín-lógún. Bí èyí bá ti yé wọn, kí wọ́n to ogún lọ́nà mẹ́ta, kí wọ́n pè é ní ọgọ́ta. Kí wọ́n mú mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. Kí wọ́n tún mú márùn-ún kúrò, ó di márùndínláàádọ́ta. Ọmọ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí ti mọ ìdí tí a fi ń pe 45 bẹ́ẹ̀, kò sì ní nílò kí a nà án kí ó tó há a sórí. Kọ́bọ̀ kan kò jáde. Ohun tí ó ná olùkọ́ ni ẹnu dídùn àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ènìyàn náà jẹ́ ohun èlò. Bàbá ọmọ kan lè jẹ́ onílù, ìyá òmíràn lè jẹ́ aláró. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá yọ̀ǹda, ìdajì wákàtí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lè ju ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ.

(iv) Ìṣirò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí lójoojúmọ́, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Owó ọkọ̀ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró sílé ní ìparí sáà. Ẹni tí ó bá ti ka iye ọjọ́, tí ó sì ti ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kò ní bá ara rẹ̀ nínú ìyẹn. Ó lè wá iṣẹ́ tí ó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu láti fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́: ọ̀pọ̀ ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń tẹ̀ láìfi àmì sí i, tàbí tí a fi àmì òdì sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ bí a ti ń tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ní nǹkan lọ́wọ́ láti gbé lọ bá onítẹ̀wé. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ta ohunkóhun fún ọmọ tí ó ń kọ́: kì í ṣe ìwé, kì í ṣe súìtì, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àfikún tí a fi ipá mú wọn san owó rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé olùkọ́ ni yóò fún òun ní máàkì kò lè kọ ọjà rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe òwò.

(v) Ìjíhìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ìlà mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí mo fẹ́ ṣe, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí n ó yí padà. Bí alábòójútó bá dé, kí ó bá ìwé yìí níbẹ̀. Ó ń sọ òtítọ́ ju ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sápamọ́ de ọjọ́ àbẹ̀wò lọ, èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n sì ń dáhùn kí ó tó béèrè.

Iṣẹ́ tí Ẹ̀ka Lè Ṣe

Àbá wa ni pé kí ẹ̀ka fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú sáà tí ó ṣáájú TP sílẹ̀ fún ìdáwọ́lé kan ṣoṣo fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò nílò kóòsì tuntun. A lè so ó mọ́ kóòsì ìlànà ìkọ́ni Yorùbá tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọ̀sẹ̀ kìíní wá ohun kan tí ó ṣaláìsí ní àyíká rẹ̀ tí èdè Yorùbá lè tán. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ yan án fún un. Èyí ni yóò ṣòro jù fún àwa olùkọ́, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá béèrè orí-ọ̀rọ̀, ẹnu yóò sì máa yún wa láti fún un. Ọ̀kan lè ṣe ìwé ìròyìn ara ògiri. Òmíràn lè lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ, kí ó kó orúkọ irinṣẹ́ wọn jọ pẹ̀lú àwòrán, èyí tí yóò di ohun èlò fún ẹ̀kọ́ àṣà lọ́jọ́ iwájú. Òmíràn lè gba ètò ìsìn tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ kan, kí ó fi àmì sí i bí ó ti yẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ máàkì wá ńkọ́? Kí a má ṣe fi èrè tàbí ẹwà díwọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dìde níwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò ròyìn ní Yorùbá tí ó gún régé ohun tí ó rí, ẹni tí ó tọ̀ lọ, ohun tí wọ́n sọ fún un, iye tí ó ná, ibi tí ó ti há, àti ohun tí ó ṣe nígbà tí ó há. Ẹni tí ìdáwọ́lé rẹ̀ kò yọrí sí rere, ṣùgbọ́n tí ó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìdá ẹlòmíràn lẹ́bi, lè gba máàkì ju ẹni tí tirẹ̀ yọrí sí rere tí kò mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan yóò ní èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ èdè. Ìròyìn ṣíṣe, ẹ̀bẹ̀, àlàyé, ìwé ìbéèrè-àyè kíkọ, ìkíni tí ó bá ipò mu: bí ìwọ̀nyí kò bá jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè, a kò mọ ohun tí à ń kọ́ni.

Nígbà tí wọ́n bá ti TP dé, kí ẹ̀ka gba ojú ìwé kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nípa ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ: ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀, iye ìwé tí ó wà, èdè tí àwọn ọmọ ń sọ, ohun tí ó fi sílẹ̀ lára ògiri, àti iṣẹ́ tí kò lè parí. Kí a dì wọ́n pọ̀, kí a sì gbé wọn sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tí ń bọ̀ tí wọ́n bá rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà yóò kọ́kọ́ ka ojú ìwé yẹn, yóò sì mọ ibi tí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ bá iṣẹ́ dé.